Aago Tó Yadi ní Wọ́ọ̀dù Eléegun

Orin ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń bọ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní aago méjì ọ̀sán, àpò ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń ró kó-kó-kó lórí táìlì, orin ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ láti yàrá tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí, tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta, tó tún ń kọrin bí ẹyẹ àárọ̀. Abẹ́rẹ́ wí nínú ara rẹ̀ pé ìyá òun yìí, bí ikú bá kí i, orin ni yóò fi dá a lóhùn.

Àfi ìgbà tó súnmọ́ ọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà.

*Ẹni tó ń kọjá lóde, ẹ yà síbí o,*
*ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀, ọ̀kan wà lókè,*
*ẹ yà síbí o, kí n má baà ṣubú.*

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Àpò bọ́, ọsàn ń yí lọ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó já wọnú yàrá náà, ó sì bá ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin náà ṣe wí: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí ibùsùn, ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, apá ń gbọ̀n, òógùn ń ṣàn, ẹnu sì ń kọrin lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Màámi, ta ló ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀?"

"Ìtọ̀ ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Di ìdí mi mú ná, kí o tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀."

Abẹ́rẹ́ dì í mú. Ó rọra gbé e padà, ó ké pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé abọ́ ìtọ̀ wá, wọ́n yẹ ojú ọgbẹ́ wò. Kò là. Ìṣẹ́jú méjì sí i, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, apá ì bá ti yẹ̀. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé bí màmá bá fi ẹsẹ̀ yẹn dúró láìsí ẹni tó dì í mú, egungun tuntun yóò yẹ̀, wọn yóò tún ṣiṣẹ́ abẹ, ara àgbà kò sì dájú lábẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì.

"Màámi, ṣebí mo ní kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì."

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní bí wọn ò bá dáhùn, ẹ tún un tẹ̀."

"Mo tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ṣẹ́jú sí mi, ó sì dákẹ́. Èmi rò pé ó bínú ni."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó yẹ kó máa tàn lókè orí ibùsùn náà ti kú. Ó mọ àìsàn yẹn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tí Abẹ́rẹ́ ń ṣe. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó tín-ín-rín, kò sì sí ihò tí kò lè gbà wọlé nínú kọ̀ǹpútà. Inú ilé ìwòsàn yìí kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ pátápátá, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, níbi tí àwọn mẹ́ta ti ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Bí aláìsàn bá tẹ bọ́tìnnì, kóòdù wọn ló ń mọ nọ́ọ̀sì tí aago yóò dún sí, òun náà ló ń tan iná.

Nínú kóòdù náà, òfin kan wà láti ọjọ́ pípẹ́: bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, kí aago dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Bàbá kan ni wọ́n bá ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin tó ti tẹ tirẹ̀ títí tó fi sú u, ni ariwo ta, ni wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ yọ òfin náà kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe àṣà ibi iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, wọn kì í kọ tuntun. Wọ́n á da odidi kóòdù wọ́ọ̀dù kan kọ, wọ́n á yí orúkọ padà, ẹni tó dà á kọ á sì fi ìnagijẹ rẹ̀ sórí rẹ̀. Tí wọ́ọ̀dù ìyá bá ní ẹ̀gbò, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn ló ní i. Wọ́ọ̀dù mẹ́tàdínlógún, àdàkọ mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ méjì ni Abẹ́rẹ́ fi yọ òfin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò sàmì sórí ìwé. Ó bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ọ̀gá náà ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pẹ̀lẹ́." Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

Mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ló sàmì sí. Báwo wá ni òfin tó ti kú ṣe jí sí òkè orí ìyá rẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún nọ́ọ̀sì àgbà, "aago màámi kò dún sí yín rárá ni?"

"A ti ilẹ̀kùn, a ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Aago nìkan la fi ń gbọ́ wọn ní àkókò yìí." Ojú nọ́ọ̀sì náà kò ṣeé wò. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò tutù. "Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mò ń bọ̀. Kò dún mọ́, mo rò pé ẹnìkan ti dá a lóhùn. Mo gbọ́ orin, mo ní, ara màmá ti yá."

Abẹ́rẹ́ náà gbọ́ orin, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wo ara yín bí ẹni tó jẹ gbèsè," ìyá Abẹ́rẹ́ wí láti orí ibùsùn. "Ọ̀kan nínú yín lọ kó ọsàn mi wá."

Nọ́ọ̀sì náà fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jókòó. Ó ní òun kò ní dìde níbẹ̀ títí wọn yóò fi sọ fún òun pé aago ti gbọ́ràn.

Abẹ́rẹ́ kò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí dé yàrá wọn. Jígí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ló wà níwájú kọ̀ǹpútà.

"Abẹ́rẹ́, ojú rẹ ṣe rí báyìí? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òfin ẹ̀ẹ̀mẹta ṣì wà láàyè."

"Òkú tí ìwọ fúnra rẹ sin?"

"Ìyá mi tẹ aago lẹ́ẹ̀mẹta, aago náà kú. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé."

Jígí bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó sún àga fún un.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, orúkọ ni Abẹ́rẹ́ fi wá wọn: gbogbo fáìlì tó ní "wọ́ọ̀dù" lórúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú òfin náà gan-an ló kọ pé kí kọ̀ǹpútà bá òun wá, ibi yòówù kó wà. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀. Ó wá tò wọ́n sílẹ̀.

Mẹ́sàn-án.

Wọ́n ka orúkọ wọn, kò sí "wọ́ọ̀dù" nínú ọ̀kankan. Balùwẹ̀ obìnrin. Balùwẹ̀ ọkùnrin. Yàrá ìyàwòrán egungun. Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìrìn. Àwọn ibi tí ènìyàn ti lè ṣubú, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. "Balùwẹ̀," Jígí tún wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe orúkọ òkú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ ọwọ́, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, iná sì kún aṣọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni "yàrá aṣọ."

"Kò sí yàrá aṣọ mọ́," Jígí wí. "Wọ́n ti kó ibùsùn mẹ́rin síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù eléegun."

"Ibẹ̀ ni ìyá mi wà."

Ó ṣí fáìlì náà. Lórí rẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó dà á kọ máa ń fi ìnagijẹ sí, ó kà á, ó sì tún un kà.

*Mo dà á kọ láti wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́.*

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rántí báyìí: obìnrin tó ń ká aṣọ ibùsùn ló ní òun fẹ́ aago, Abẹ́rẹ́ sì fi ọwọ́ kan gé e, ó fi ọwọ́ kan lẹ̀ ẹ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, inú rẹ̀ dùn pé òun ti mọṣẹ́. Ó ti ń wá kòkòrò káàkiri oko, ìdí ẹ̀fọ́ tirẹ̀ ló wà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wò, bí ẹni tó ń wò ó bóyá tirẹ̀ ni.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ka ohun tó wà lókè fáìlì náà sókè fún un, pẹ̀lú ìnagijẹ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé tíì kalẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nísinsìnyí. Ẹ rọra ṣe é."

Wọ́n yọ ọ́. Jígí ń kà, Abẹ́rẹ́ ń yọ, Ọ̀gá ń wò ó lẹ́yìn wọn. Ìgbà tí wọ́n parí, Abẹ́rẹ́ pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, iná kò kú. Ọkàn Abẹ́rẹ́ kò tíì balẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣí èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn, wọ́ọ̀dù ọkùnrin, ìyá àwọn àdàkọ, láti wo ẹni tó kọ́kọ́ dá òfin náà.

Ìnagijẹ tó wà níbẹ̀ ni *Pẹ̀lẹ́*.

Ọ̀gá náà fi ìka tọ́ ìnagijẹ ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

"Bọ́tìnnì ibùsùn kẹfà ló há," ó wí. "Ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó ń dún láìdúró, àwọn aláìsàn kò lè sùn. Mo kọ ọ́ pé kó dákẹ́ tó bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n pààrọ̀ bọ́tìnnì náà lọ́jọ́ kejì." Ó gbé tíì rẹ̀, kò mu ún. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ fún."

"Ẹ wá jẹ́ kí n kó wọn jọ sójú kan, Ọ̀gá. Kí á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo yàrá máa gba àṣẹ láti ibẹ̀."

"Rárá." Ó sọ ọ́ kíákíá ju bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ. "Bó bá jẹ́ ojú kan, tí ojú kan náà wá bàjẹ́ ńkọ́? Gbogbo aago ilé ìwòsàn yìí ló máa yadi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí, ìyá rẹ nìkan ni. Má bínú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Abẹ́rẹ́ dé egungun, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní aago márùn-ún, tí wọ́n gba àlejò láàyè, ó gòkè padà. Ariwo ló bá. Ìyá rẹ̀ ti sọ yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin di ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló ń dá orin, àwọn obìnrin mẹ́ta tó kù ń gbè é. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, ń fi ṣíbí lu irin ibùsùn.

*Egungun mi tuntun dé o,*
elégbè: *ẹ bá a rìn jẹ́jẹ́.*
*Kò mọ ọ̀nà ilé mi o,*
elégbè: *ẹ bá a rìn jẹ́jẹ́.*

"Àbíkẹ́yìn mi, kí ló fa ojú rẹ lulẹ̀ báyìí? Ṣebí èmi ló yẹ kí n máa sunkún."

Abẹ́rẹ́ jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Màámi, èmi ni mo kọ ohun tó pa aago yín lẹ́nu mọ́."

Ìyá rẹ̀ wò ó.

"Ìwọ kẹ̀?"

"Èmi. Mo wò ó kọ láti ara ti ẹlòmíì, mi ò ka inú rẹ̀. Ibi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la kọ ọ́ sí. Mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí á kọ ọ́ sí ibì kan, Ọ̀gá ní bí ibì kan yẹn bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́."

Ìyá náà ronú. Kò mọ̀wé ju orúkọ rẹ̀ lọ, kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n ó mọ orin.

"Àwa mẹ́rin la wà níbí," ó wí. "Èmi ń dá a, wọ́n ń gbè é. Bí mo bá ṣì í, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A ó jọ ṣì í ni," obìnrin oníṣíbí wí, "a ó sì bú yín."

"Ẹ ó bú mi lójú ẹsẹ̀. Màá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, yóò tọ́ fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dojú kọ ògiri, tí kálukú ń kọ tirẹ̀ sínú, ẹnìkan lè ti yadi láti ọdún mẹ́rin, ta ni yóò mọ̀?" Ó na ọsàn kan sí Abẹ́rẹ́. "Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ kọ́ ló yẹ kó ba ọ̀gá rẹ lẹ́rù. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ni. Bó ọsàn fún mi."

Abẹ́rẹ́ bó ọsàn náà fún un.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ọ̀gá náà wo orúkọ balùwẹ̀ méjèèjì tó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà láti àná. Ó ní, "Adárin kan."

"Adárin kan, Ọ̀gá. Elégbè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tí adárin bá sì dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, iná pupa á tàn lórí tábìlì wa àti lórí tàwọn nọ́ọ̀sì."

"Rọra ṣe é," ó wí. Ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Àdàkọ kan wọlé sínú adárin, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tó mú èkejì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kù díẹ̀ kí Abẹ́rẹ́ gé wọ́ọ̀dù ọmọdé pọ̀ mọ́ ìyókù, nítorí ó jọ wọ́n bí imú ṣe jọ imú. Jígí ló dì í lọ́wọ́ mú. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíì: bí ọmọ bá tẹ aago, kó dún níbi tí ìyá ọmọ jókòó sí pẹ̀lú. Ojú Abẹ́rẹ́ là. Ó mọ̀ báyìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó jọra ló jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n fi ìlà yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n kó ìyókù. Ohun tó jẹ́ ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún wá di ogójì. Jígí kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, ní aago méjì gan-an tí ilẹ̀kùn àwọn nọ́ọ̀sì wà ní títì, Abẹ́rẹ́ dúró ti ìyá rẹ̀. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé e gòkè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ó ń wo ibùsùn, ó ń wo okùn, ó ń wo bọ́tìnnì kékeré náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Iye tó bá wù yín."

Ìyá náà tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ iná. Iná aláwọ̀ ewé dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ orin. Lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, aago ń dún, gìn-ìn, gìn-ìn, ilẹ̀kùn sì ṣí, bàtà nọ́ọ̀sì àgbà ń sáré bọ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́?"

"Kò sí o, ọmọ mi. Mo ní kí n kí ọ ni."

Nọ́ọ̀sì náà di ìbàdí mú, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó dẹ etí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìró náà ṣì ń gbọ̀n.

"Ṣé ohùn rẹ̀ nìyẹn?" ó béèrè. Ó ti pé ọdún méjìlá tó ti ń kọ kóòdù aago náà, kò gòkè wá gbọ́ ọ rí.

"Ohùn rẹ̀ ni," ìyá náà dá a lóhùn. "Kò ròkè tó tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa gbè mí."